Másùn Ti Jẹun

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin, ìyá mi fún Másùn, ajá wa, ní búrẹ́dì. Búrẹ́dì náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó rẹ ẹ́ sínú mílíìkì, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì dúró tì í títí ajá fi lá àwo náà gbẹ. Agogo mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni. Èmi wà ní balùwẹ̀, mò ń bọ́jú, orin sì wà lẹ́nu mi, nítorí ọjọ́ tí a ti ń retí láti ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì ti pé.

Ọjọ́ kọkàndínlógún yẹn ni ìwé méjì wọlé wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkíní wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú: ajá tàbí ológbò tó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, kí ẹni tó ni ín gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́. Ẹni tó bá kọ̀, ìlọ́po mẹ́rin owó ìwé àṣẹ ẹran náà ni yóò máa san lọ́dọọdún. Ìkejì wá láti ọ̀dọ̀ onílé wa, kò sì gùn. Ó ní ọmọ méje tí Másùn bí sábẹ́ àtẹ̀gùn òun ti tó. Bí ajá náà bá tún bímọ nínú ilé òun, kí a wá ibòmíràn fún un.

A kò lè wá ibòmíràn fún un. Etí ìyá mi ti wúwo láti ọdún mẹ́ta. Èmi máa ń wà níbi iṣẹ́ láti agogo méje, níbi tí mo ti ń lọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn, òun nìkan ló sì máa ń wà nílé. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn, Másùn á fi imú ti orúnkún rẹ̀. Bí omi bá ń hó lórí iná, Másùn á lọ fà á láṣọ. Ajá náà ni etí rẹ̀.

Mo wá ọ̀nà. Dókítà ẹran tó wà ní òpópónà wa ń gba iye tí mo ń gbà lóṣù kan gbáko. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹran ń gba ìdajì, ṣùgbọ́n ẹran tó wà níwájú wa lé ní igba. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ ńlá oníṣẹ́ abẹ kan tí ìlú fẹ́ gbé wá sí ọgbà panápaná fún ọjọ́ kan péré: ogójì ẹran, ọ̀fẹ́, fún ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí pé owó oṣù òun kéré. Kò sí ìwé tó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà bẹ́ẹ̀ rí.

Òfin kan ló wà níbẹ̀: ẹran kò gbọ́dọ̀ jẹun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè àwo ajá.

Nọ́ńbà kẹsàn-án la gbà. Inú mi dùn débi pé mo fi han àwọn tí kò béèrè. Ọgbà náà ti kún. Ajá ń gbó, ológbò ń han, ènìyàn ń pariwo ju ẹran lọ. Ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe gbé ológbò rẹ̀ wá nínú àpótí irinṣẹ́. Obìnrin tó ń kọ orúkọ bi wá pé, "Ṣé kò tíì jẹun?"

Mo ní, "Rárá o! Omi nìkan."

Ìyá mi ń wo bàtà rẹ̀.

Oníbàtà yíjú sí wa. "Ẹ ṣe dáadáa. Ajá ẹ̀gbọ́n mi kan jẹun lọ. Bó ṣe sùn lórí tábìlì báyìí, oúnjẹ padà wá sókè, ó gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ."

Ìyá mi ní, "Sọ ọ́ sókè."

"Mo ní ó kú, Màmá!"

Gbogbo ọgbà ló gbọ́. Ní àkókò náà gan-an ni wọ́n pe nọ́ńbà kẹsàn-án. Mo gbé Másùn, mo gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń lọ gba ẹ̀bùn. Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ti ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

"Ó ti jẹun!" Ìyá mi ló kígbe láti ìsàlẹ̀. "Másùn ti jẹun! Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Mo yíjú padà. "Ẹ̀yin! Ṣé ẹ ò rí ohun tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ni?"

"Mo rí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ìwé ò lójú, ajá ló lójú. Ta ló ń rán ẹni tí ebi ń pa lọ sábẹ́ ọ̀bẹ?"

Oníbàtà ní, "Màmá, ẹ fẹ́ fi àánú pa ajá."

"Gbẹ́nu dákẹ́, oníbàtà. Ológbò tìẹ rí bí ẹni tí kò jẹun láti ìjẹta."

Ẹ̀rín bú jáde. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Dókítà bi í pé agogo mélòó ni ajá náà jẹun, ó sì ṣírò rẹ̀ lórí ìka.

"A ò lè fọwọ́ kàn án kó tó di méjì ààbọ̀. Ẹ ó bọ́ sẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Agogo mẹ́ta la ń tilẹ̀kùn. Bí àyè bá kù, ẹ wọlé."

Bí ìdúró náà ṣe di eré nìyẹn. Ẹni tó bá gba ẹran rẹ̀ kò lọ sílé mọ́. Á dúró kó bá wa kà á. "Ó ku mọ́kànlá!" "Ó ku mẹ́jọ!" Ní agogo kan, bí wọ́n ṣe pe nọ́ńbà oníbàtà, ológbò rẹ̀ já nínú àpótí, ó fò gun orí ọkọ̀ panápaná. Àwọn panápaná mẹ́ta gbé àkàbà, wọ́n ń pè é ní ọ̀gá, ológbò sì ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ìyá mi ló bọ́ gèlè rẹ̀ dà bò ó. Ọgbà pa àtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ogún ìṣẹ́jú ti lọ.

Nígbà tí agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ilẹ̀kùn ṣí.

"Ajá tó jẹun dà?"

Ariwo tó sọ kò kéré! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èmi àti ajá wọlé papọ̀. Oníbàtà di ìyá mi lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn. Dókítà tẹ́ Másùn sílẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ó tún un tẹ̀, ó wá dúró.

Ó ní, "Ó ti lóyún. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ṣì lè ṣe é, ṣùgbọ́n wọn ò ní yè. Àbí kí ẹ gbé e lọ, kó bí wọn, kí ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo sọ ọ́ sí ìyá mi létí. Ó gbé ọwọ́ lé orí ajá náà.

"Onílé ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yí padà, Màámi."

 Níta, wọ́n ṣì ń kọrin orúkọ Másùn.

Ó yíjú sí dókítà, ó ní, "Ṣe é, ọmọ mi."

Nígbà tí a gbé e jáde, ahọ́n rẹ̀ wà níta, ó ń sùn, àmì ìlú pé wọ́n ti ṣe é sì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n hó yèè. Panápaná kan fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀, ìyá mi tilẹ̀ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Onílé wo ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ abẹ náà lójú ọ̀nà, ó mi orí pé ó dára, ó dá a padà fún mi.

Dókítà ti kọ iye wọn sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ọmọ márùn-ún ni. Kò sí èyí tó yè.