Ilẹ̀kùn Tó Kọjú sí Títì

Ilé ìdáná Ràmọ́tà, aládùúgbò Susannah, ni omi kọ́kọ́ wọ̀. Láti ojú fèrèsé ni Susannah ti rí ìkòkò ọbẹ̀ tó léfòó, tó ń rọra yí bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àtijáde. Òjò náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Agogo mẹ́wàá ti lù báyìí, kò tíì dáwọ́ dúró.

Irú òjò báyìí, nínú oṣù Agẹmọ bíi tèyí, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ló jẹ ẹsẹ̀ ògiri ilé Susannah títí tó fi wó lu Gilbert ọkọ rẹ̀, níbi tó ti ń kó ìwé rẹ̀ sórí àjà. Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ń dún lórí páànù, ìró ògiri ni Susannah máa ń gbọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́tà mọ́kànlá ló kọ, pẹ̀lú ọwọ́ tó fi kọ́ ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún ní ilé ìwé míṣọ̀n: ẹ fi owó ìlú bá wa kọ́ ilé kan sórí òkè, tí àwọn ará etí odò yóò máa sá sí bí omi bá dé. Ìjọba gbọ́. Gbọ̀ngàn náà rèé, lórí òkè kékeré tó wà láàárín ilé rẹ̀ àti títì, tòun ti ẹní, búláńkẹ́ẹ̀tì àti àtùpà. Ọrùn Susannah ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé.

Nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán ilé náà, Theophilus, akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ti bi wọ́n pé, "Ilé tí ìjọba fowó kọ́, ṣé igbó ló máa kọjú sí ni? Títì ni kó kọjú sí, kí alága ìjọba ìbílẹ̀ máa rí i bó bá ń kọjá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ sí i. Susannah náà fọwọ́ sí i. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ilé náà ní, wọ́n sì fi irin dí ojú fèrèsé nítorí olè. Kò sẹ́ni tó rántí pé oṣù tí odò ń kún náà ni àwọn Alágẹmọ, àwòrò òrìṣà Agẹmọ, ń gba títì yẹn kọjá lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí obìnrin kan kò gbọdọ̀ yọjú síta.

Òní ni wọ́n ń kọjá. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ti lọ pàdé wọn. Síkírù, ọkọ Ràmọ́tà, wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbi tó ti ń ra pákó. Theophilus wà ní ọ́fíìsì ìjọba, ó lọ béèrè owó iṣẹ́ gbọ̀ngàn tó kù.

"Màmá Tíṣà, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa."

Ràmọ́tà ni, lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọmọ ọjọ́ méjìlá wà láyà rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀, Sàúdátù arúgbó, sì di apá rẹ̀ mú. "Omi ti dé orí bẹ́ẹ̀dì wa," Ràmọ́tà ní. "Ògiri ti ń rọ̀ bí ẹ̀kọ."

Susannah gbà wọ́n wọlé. Omi tẹ̀lé wọn. Ó gbójú sókè, ó rí i pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti gun ògiri tirẹ̀ náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí ìgbà tí èèyàn fi pẹ́ńsùlù fà á. Ó mọ ìlà yẹn. Gilbert ti rí irú rẹ̀, ó ní kò ní ṣe nǹkan kan.

"Gbọ̀ngàn là ń lọ," ó ní.

"Lónìí?" Ràmọ́tà wò ó. "Màmá, ẹ̀yin lè ní Jésù ń bẹ. Obìnrin Ìjẹ̀bú lèmi o."

"Obìnrin Ìjẹ̀bú lèmi náà. Ẹ̀rù ń bà mí jù ọ́ lọ."

Sàúdátù nu ojú rẹ̀. "Àádọ́rin ọdún ni mo ti ń sá pamọ́ fún Agẹmọ. Kò rí mi rí, èmi náà ò rí i. A bọ̀wọ̀ fúnra wa. Odò yìí ni kò mọ àgbà. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n fi ìborùn bo orí àti ojú, wọ́n gun òkè náà nínú ẹrẹ̀. Láti igun gbọ̀ngàn dé ilẹ̀kùn, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni. Ojú títì ni ìṣísẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà. Láti ọ̀nà Ayépé, Susannah gbọ́ ohùn èrò. Ó ṣì jìnnà, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀.

"Ẹ kọjú sí ògiri," ó ní. "Ẹ má wo ibòmíràn."

Wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Ọwọ́ Susannah kan àgádágodo. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kò yí. Yanrìn ti wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó tún gbìyànjú. Ó fẹ́ gbàdúrà, orúkọ Gilbert nìkan ló wá sẹ́nu rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kan ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wọn. Pàṣán dún lórí ilẹ̀.

"Obìnrin wo ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Ẹni tó ń ṣáájú èrò, tó ń lé obìnrin kúrò lọ́nà ni. Ràmọ́tà fi ara bo ọmọ rẹ̀. Susannah mọ ohùn náà. Ọdún méjì gbáko ló fi kọ́ ọ ní ìwé kíkà kó tó mọ̀ ọ́n.

"Bọ́dúnrìn," ó ní, láìyíjú padà. "Omi ti wọlé. Ògiri fẹ́ wó lù wá."

Susannah ń retí pàṣán ní ẹ̀yìn rẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ẹ ò mọ̀ pé òní ni?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ má bojú wẹ̀yìn o." Ọwọ́ kan kọjá lórí èjìká rẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́. Ó fi ìdí pàṣán lu àgádágodo náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yí i, ilẹ̀kùn ṣí. "Ẹ wọlé. Èmi ò rí ẹnì kankan. Ẹ̀yin náà ò rí mi."

Ó pa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n kẹ̀yìn sí títì. Èrò dé, ariwo wọn kún inú gbọ̀ngàn. Ọmọ náà la ẹnu láti ké, Ràmọ́tà sì fi ọmú dí i kíákíá. Ó ń mu ún títí ariwo náà fi rékọjá.

Nígbà náà ni nǹkan kan dún ní ìsàlẹ̀, bí àpò gàrí tútù tó já bọ́ látinú ọkọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, òmíràn dún. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ilé ta ló wó.

Díẹ̀ nínú àwọn obìnrin etí odò yòókù dé nígbà tí títì dá. Nírọ̀lẹ́, òjò dá díẹ̀, Theophilus wọlé, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúró níwájú ògiri ẹ̀yìn, níbi tí Susannah ti fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń kọ́ àwọn àgbà níwèé níbẹ̀ ya igun mẹ́rin gígùn kan.

"Kí lẹ yà sára ògiri ìjọba yìí, Màmá?"

"Ilẹ̀kùn ni."

"Owó tó kù ti jáde o. Ṣùgbọ́n pèpéle tí alága máa jókòó sí la kọ ọ́ fún."

"Kí alága dúró," Sàúdátù ní láti orí ẹní rẹ̀. "Ẹsẹ̀ tiẹ̀ ò sí nínú omi."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò pẹ́, òjò tún bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ẹ̀rín náà sì tán.

"Màmá Tíṣà," Ràmọ́tà ní, "wọ́n ní àwọn tó kù ṣì ń kọjá lọ́la. Àwọn tí kò tíì kúrò létí odò ńkọ́?"

Susannah mú ṣọ́ọ̀kì, ó tún fà á lórí ìlà ilẹ̀kùn náà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, títí ó fi nípọn.