Ẹni Tó Tẹ Àlìkámà Mọ́lẹ̀

Tí Hester bá lè panu mọ́ títí aago méjìlá, wàhálà kankan ò sí o. Bàbá ẹ̀, Ambrose, ló lọ ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú Cuthbert ọ̀rẹ́ ẹ̀ nílé ọtí lálẹ́ àná. Wọ́n ti rí òbìrìkìtì ńlá tuntun nínú oko àlìkámà ẹ̀yìn òkè, Ambrose sì búra pé kì í ṣọwọ́ èèyàn, pé àwọn ará ojú sánmà ló sọ̀ kalẹ̀ wá yà á. Tó bá jẹ́ ọwọ́ èèyàn, òun á fá irùngbọ̀n òun. Irùngbọ̀n ọgbọ̀n ọdún! Cuthbert ń bọ̀ láago méjìlá ọ̀sán wá gbọ́ àbọ̀ ohun tí Ambrose bá rí níbẹ̀.

Hester ló ṣe é. Òun àti Tamsin ọ̀rẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú pákó méjì àti okùn tí wọ́n fi tẹ àlìkámà mọ́lẹ̀ lóru. Àwọn tó ń ṣe é ní agbègbè Wiltshire yìí kì í sì í jẹ́wọ́. Láéláé.

Bàbá àtọmọ gba ojú ipa taya katakata wọnú oko, kí wọ́n má baà tẹ àlìkámà olóko. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọn ò rí àwòrán kankan, torí òkè nìkan lèèyàn ti ń rí ìyẹn. Àlìkámà tó sùn gbalaja lọ́tùn-ún lósì ni wọ́n rí, bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, ó sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ bàtà.

Ambrose ti kúnlẹ̀, ó ti fi awò sójú.

"Hester, wá wo nǹkan! Wo bó ṣe yí! Èèyàn wo ló fẹ́ ṣe èyí?"

"Ẹ dìde, Dádì, orúnkún yín."

"Fi orúnkún sílẹ̀! Ẹni tó ṣe èyí, ọgbọ́n ẹ̀ ju tayé yìí lọ."

Ara Hester yá gágá. Láti kékeré ló ti ń yàwòrán, "ó dáa náà" ni bàbá ẹ̀ máa ń sọ, á sì yíjú. Òní ló wá ń yìn ín látàárọ̀, kò kàn mọ ẹni tó ń yìn ni. Ó wù ú kí bàbá ẹ̀ mọ̀ pé òun ni.

"Dádì, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ṣe é."

Ambrose rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ìwọ? Ìwọ tí o ò lè gé búrẹ́dì kó gún!"

Ha! Inú bí Hester. Ó fa bàbá ẹ̀ dìde, ó mú un dé ìdí òbìrìkìtì kékeré kẹrin tó wà nínú ńlá náà. "Ẹ wo abẹ́ ibí. Ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ ká yí i sí. Tamsin sín, a gbàgbé, a yí i sósì. A wá tún un ṣe lórí ẹ̀."

Ambrose ṣí àlìkámà òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti ìsàlẹ̀ dojú kọ òsì lóòótọ́.

"Inú òkùnkùn lẹ ti ṣe gbogbo èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láìtan iná?"

"Ẹ má bínú, Dádì."

Ambrose ń wo òbìrìkìtì náà yíká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Cuthbert ti ń bọ̀ látòkèèrè, ó ń ju fìlà sókè.

"Bàbá onírùngbọ̀n! Àwọn ará ojú sánmà ńkọ́?"

Hester di bàbá ẹ̀ lápá mú. "Ẹ kàn dákẹ́. Kò lè mọ̀ láé."

Ambrose yọ ọwọ́ ẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Èèyàn ló ṣe é, Cuthbert."

Cuthbert dúró gbagidi. "Ṣé oòrùn ti pa ẹ́ ni? Ta ló ṣe é?"

"Mi ò ní sọ. Àmọ́ mi ò rí ọwọ́ tó dáa tó báyìí rí láyé mi. Lọ mú abẹ wá."

Hester bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíá kí wọ́n má baà rí ojú ẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ń so okùn bàtà. Bẹ́ẹ̀ bàtà òjò tí kò lókùn ló wọ̀.