Ìgbìmọ̀ Tí Kò Fẹ́ Kan Ilẹ̀kùn

Lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹrin, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìjọ kan lókè òkun ló kọ ọ́, àwọn tó ti ń bọ́ Ilé Lindirani láti ọdún mọ́kànlá. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ní àwọn ń gbàdúrà fún wa. Wọ́n wá ní àwọn ọmọ ìjọ ti dín kù, arúgbó nìkan ló ṣẹ́ kù, àwọn ò ní lè fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́ tí oṣù kẹfà bá ti parí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ìta, mo ń wo àwọn aboyún mẹ́rìnlá tí wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì lórí ẹní. Ọ̀kan ń pa ìtàn ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ọgbà náà, èmi nìkan ni mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sáyà.

Khumbize Nyangulu lorúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí nílé ìwòsàn ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fi mí ṣe olórí Lindirani ní Kasamba níbí, létí adágún. Ilé ìdúró ni. Obìnrin tó ń gbé lẹ́yìn òkè, tí odò mẹ́ta wà láàárín òun àti dókítà, á wá síbí nígbà tó bá ku oṣù kan kó bí. Á jẹun, á sùn, á dúró. Tí ọmọ bá ti ń bọ̀, kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ láti ọ̀dọ̀ wa dé ilé ìwòsàn. Ohun tí à ń ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò ríbi dúró sí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń pa ojú wọn dé.

Mo pe ìpàdé ìgbìmọ̀ alábòójútó. Orúkọ méje ló wà nínú ìwé, márùn-ún ló yọjú. Bambo là ń pe bàbá níbí, Mai là ń pe ìyá. Alága wa ni Bambo Mwafulirwa, hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin gíga tí í wọ kóòtù nínú ooru, tí àwọn géńdé ìlú ṣì ń bọ́ fìlà fún. Bambo Msiska ló ni bọ́ọ̀sì mẹ́ta tó ń ná ọ̀nà ìlú Salima. Mai Jalasi ń ta ẹja ní èbúté. Wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ nítorí pé ẹnì kan lókè òkun ní ó yẹ kí obìnrin ìlú náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n ń wá. Wọ́n á mu tíì, wọ́n á jẹ mandasi tí a fi ìyẹ̀fun dín, wọ́n á gbọ́ ìròyìn mi, wọ́n á buwọ́ lùwé, ó parí.

Mo ka lẹ́tà náà sí wọn létí.

"Ṣé ebi ni wọ́n fẹ́ fi pa wá ni?" Bambo Msiska ni.

Mo ní, "Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá owó."

Àwọn méjì tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé bu tíì sí i.

"Sístà," Msiska ló tún fọhùn, "òyìnbó kan lọ, òyìnbó mìíràn wà. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Bambo? Kò sí oníṣòwò tí kò mọ̀ yín lójú ọ̀nà yẹn."

"Wọ́n mọ̀ mí ní ẹni tó ní bọ́ọ̀sì. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa wí pé Msiska ti ń gbé igbá kiri ni?"

Mai Jalasi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni ńlá sọ̀rọ̀ ní tèmi o. Ètè mi á kàn máa gbọ̀n ni."

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. "Nyangulu, ìgbìmọ̀ ni orí, ìwọ ni ọwọ́. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Kì í ṣe báyìí ni n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Bambo, tí a ò bá rí nǹkan ṣe, ilé yìí á di títì pa."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́," ni Mai Jalasi wí.

"Àmín," ni gbogbo wọn dáhùn.

Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpàdé ni pé kí Sístà wá nǹkan ṣe sí i. Msiska di mandasi tó ṣẹ́ kù sínú bébà, ó gbé e lọ sílé.

Mo kọ̀wé. Mo kọ méjìlélógún, sí ibi tí mo mọ̀ àti ibi tí mi ò mọ̀. Méjì dáhùn, àwọn méjèèjì kàn kí mi pẹ̀lẹ́. Nígbà tí oṣù karùn-ún fi máa dé ìdajì, mo ti dín nsima, òkà àgbàdo wa, kù sí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, mo ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ojú ń tì mí láti wo àwọn obìnrin náà nígbà tí wọ́n bá jẹun tán tí wọ́n ṣì jókòó ti abọ́. Mo wá pinnu pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àfi kó gbé ìyẹ̀fun tirẹ̀ dání. Èmi ni mo pinnu bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fi ipá mú mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tiyanjane dé láti ẹ̀yìn òkè Kaluwa. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, ọjọ́ méjì gbáko. Ó ti sin ọmọ méjì rí. Ó gbé ẹní rẹ̀ lórí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó dé ilé.

"Màmá, mo ti dé o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ò ní jẹ́ kí eléyìí náà lọ."

Mo bi í léèrè ìyẹ̀fun. Kò gbé kankan dání. Mo ṣàlàyé fún un. Kò bá mi jiyàn. Ó mu omi, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan wà ní abúlé tí kò jìnnà púpọ̀, òun á lọ tọrọ díẹ̀ níbẹ̀, òun á sì padà wá lọ́jọ́ Ajé. Mo wò ó títí ó fi kọjá lẹ́yìn igi máńgòrò. Nǹkan kan ń sọ fún mi pé kí n pè é padà. Mi ò pè é.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé e dé, lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n so ibùsùn onígi mọ́ nídìí. Ojú ọ̀nà ló rọbí sí, òun àti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan. Okùn ìwọ́ ló fún ọmọ náà lọ́rùn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà ì bá tú u kí èèyàn tó mí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìyá náà yè, ẹ̀jẹ̀ ni kò tètè dá. Àpò ìyẹ̀fun náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn, ó fi ọwọ́ kan dì í mú.

Mi ò lè ṣàlàyé bí mo ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn dé ilé alága, nítorí àwọn èèyàn sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ń ka bébà ìròyìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Nyangulu, kí ló dé?"

"Ẹ dìde, Bambo. Ẹ tẹ̀ lé mi."

"Mi ò tíì wọ bàtà—"

"Èmi náà ò wọ̀."

Ó tẹ̀ lé mi. Mo mú un padà sí Lindirani, mo gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tiyanjane, mo ní, "Alága ìgbìmọ̀ wa nìyí." Tiyanjane gbìyànjú láti dìde kí ó lè kúnlẹ̀ fún àgbà, mo dá a padà.

Ó ní, "Bambo, ẹ má bínú. Mo mú ìyẹ̀fun náà wá. Ọ̀nà ló jìn."

Mwafulirwa wo àpò ìyẹ̀fun náà. Ó dìde, ó lọ. Mo sọ lọ́kàn mi pé mo ti pàdánù alága báyìí, kò burú, gbogbo nǹkan ni mo ti pàdánù.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló padà wá pẹ̀lú kóòtù rẹ̀. Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ló dúró sí.

"Ìyá mi máa ń mú mi kiri láti tọrọ owó ilé-ìwé," ló ní. "Láti ilé dé ilé. Ẹnì kan da omi ìfọwọ́ lé e lára níṣojú mi. Mo búra lọ́jọ́ yẹn." Ó nu awò ojú rẹ̀. "Nyangulu, kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Mo bú sẹ́kún. Ẹkún tí mi ò sun níbi ibùsùn Tiyanjane, ibẹ̀ ni mo ti sun ún. Nígbà tí mo dákẹ́, mo ní, "Bambo, mi ò ní kí ẹ mú owó wá. Ẹ kàn dárúkọ ẹnì kan fún mi, ẹni tí ẹ bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ tí kò ní tì í mọ́ yín. A jọ máa lọ ni."

Ó jókòó. Ó kọ orúkọ mọ́kànlá. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni gbogbo wọn.

Ohun kan náà ni mo lọ bi àwọn yòókù léèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú ilé wọn. Msiska ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kẹta ó rán dírẹ́bà sí mi pé òun ti kúrò nínú ìgbìmọ̀. Mai Jalasi ronú títí. "Èmi ò mọ ẹni ńlá kankan," ló ní, "àfi àwọn ọlọ́kọ̀ ẹja. Ṣé àwọn yẹn ò kéré jù?"

"Wọn ò kéré, Mai."

Alága àti èmi wọ ọkọ̀ lọ bá Loti Kamwendo, tó ní ilé ìlọ-ìrẹsì ní ìlú kejì. Ó yọ̀ mọ́ wa, ó gbé ohun mímu wá. Mwafulirwa bi í léèrè ìyàwó, ó bi í léèrè ọmọ, ó bi í léèrè òjò, ẹ̀rọ, àti ọ̀nà tó bàjẹ́. Wákàtí kan kọjá. Òógùn ń ṣàn létí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní ó dàbọ̀, a sì jáde. Mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, ó dúró, ó di irin géètì mú, ó yí padà.

"Loti," ló ní látòkèèrè, "owó ni mo wá tọrọ."

Kamwendo rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Hẹdimásítà! Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nà mí nítorí pé mo tọrọ pẹ́ńsùlù?"

"Èmi ni. Mo ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ kan kú lójú ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí ìyẹ̀fun abọ́ mẹ́ta." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró.

Kamwendo ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ọjà ò lọ, ẹ̀rọ kan ti bàjẹ́, kí a padà wá lẹ́yìn ìkórè. Kò fún wa ní nǹkan kan. Nínú ọkọ̀, mo gbé orí sára fèrèsé. Bambo Mwafulirwa fi ánkáṣíìfù nu ọrùn.

"Ó kọ̀ mí," ló ní. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀: "Ó kọ̀ mí, mi ò sì kú."

Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹ́wàá tó kù. Mẹ́rin ṣe nǹkan. Ẹnì kan lé e bí ẹni lé ajá.

Ní èbúté, Mai Jalasi gun orí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, nígbà tí àwọn apẹja ń já usipa, ẹja wẹ́wẹ́ adágún, sílẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Èwo nínú yín ni ìyá rẹ̀ ò rọbí?"

"Èmi ni!" aláwàdà kan pariwo. "Inú àwọ̀n ni wọ́n ti bá mi!"

"Abájọ tí o fi ń rùn báyìí! Gbé bàsíà tìrẹ sílẹ̀ kíákíá!"

Etíkun ya lẹ́rìn-ín. Bàsíà méjìlá ló wà nílẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni òun á máa wá, ẹni tó bá sì sá, òun mọ ilé ìyàwó rẹ̀.

Síbẹ̀ kò tó. Oṣù kẹfà parí, atẹ́gùn mwera ń fẹ́ láti orí adágún, ó tutù dé eegun. Mo ní kí alásè kan àti ẹ̀ṣọ́ ọgbà máa lọ sílé. Alásè náà di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní òun á ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní mi ò lè bọ́ ọ. Ibùsùn mẹ́rìnlá di mẹ́fà. Lójoojúmọ́ ni mò ń yan ẹni tí yóò dúró, mo sì ń gbàdúrà pé kí ẹni tí mo dá padà má ṣe rọbí sójú ọ̀nà.

Tiyanjane lókun padà, ó lọ sílé. Ìrẹsì àpò mẹ́jọ dé lẹ́yìn ìkórè láti ọ̀dọ̀ ìyàwó Kamwendo. Ó ní kí a má jẹ́ kí ọkọ òun mọ̀.

Nígbà ìpàdé oṣù kẹjọ, àwa mẹ́rin ló jókòó. Alága ò ṣí ìwé kankan. Ó kàn wò wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Ta lo rí? Kí ló sọ?" Kò sí mandasi. Oúnjẹ tó wà nílẹ̀ á gbé wa dé oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ̀.

Ìpàdé ò tíì tán nígbà tó wo aago, ó dìde, ó di bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. Ọkọ̀ Salima ti fẹ́ gbéra. Mo bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ.

Ó ní ọkùnrin kan tó ń ta símẹ́ǹtì, òun ò mọ̀ ọ́n rí.