Èyí Tó Dùn Jù

Nígbà tí káfíńtà kan fi máa ra sípíkà ńlá méjì tán, àpò ẹ̀ ti gbẹ. Ó wá ku àpótí kékeré tí yóò máa fa orin wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń tà á kó méjì fún un pé kó lọ gbọ́ wọn wò nílé: ọ̀kan gbówó lórí, èkejì ò wọ́n rárá.

Ta ni yóò bá a yàn án bí kò ṣe ìyá ẹ̀, tó fi orin tọ́ ọ dàgbà?

Ó tan èyí tó gbówó lórí. Ilẹ̀ pákó yàrá náà ń gbọ̀n, ìyá ń mi orí, ó ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀. Ó pa á, ó ki wáyà bọ èkejì, ó yíjú padà. Ìyá tún ti ń mi orí.

“Èyí dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ,” ni ìyá wí tẹ̀ríntẹ̀rín.

Káfíńtà wo àpótí náà. Kò tíì tàn án.

Ó wá rántí. Láàárọ̀ yẹn gan-an ni oníbàárà kan kan ilẹ̀kùn títí tó fi bá tiẹ̀ lọ, tí òun sì jágbe mọ́ ìyá òun: “Màmá, ṣé etí yín di ni?” Ó tún pòṣé lé e. Òun tó ń pariwo kiri pé òun mọ ohùn!

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀. “Ẹ má bínú sí mi, Màmá,” ló wí jẹ́jẹ́.

Ìyá tẹjú mọ́ ẹnu ẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín.

“Ọkọ mi, ó dùn gan-an ni.”