Lídà Tí Kì Í Fọwọ́ Síwèé

Lọ́jọ́ Ajé tí Adébọ̀dé dé láti sẹ́mínà ọlọ́jọ́ méjì tó lọ ṣe ní Ìkẹjà, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó fi ọ̀bẹ họ "Máníjà" kúrò lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì lẹ "Lídà" mọ́ ọn. Lẹ́tà wúrà ni. Bébà tó fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́ èyí tí a tọ́jú pamọ́ fún káàdì ìgbéyàwó oníbàárà kan.

Ó pe gbogbo wa jọ sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ní Bajulaiye níbí, àdúgbò àwọn atẹ̀wé. Munirat, ìyá Mùíz, ló ń tẹ ẹ̀rọ. Samson ló ń gé bébà. Èmi, Ògúnmọ́lá, ni mo ń di ìwé, obìnrin méjì sì ń bá mi ká bébà.

"Láti òní lọ, ẹ má pè mí ní máníjà mọ́," Adébọ̀dé wí. "Máníjà á jókòó, á ní kí èèyàn lọ. Lídà á ṣíwájú, á ní, 'Ẹ jẹ́ ká lọ.'"

Samson gbójú sókè. "Ọ̀gá, níbo la ń lọ báyìí? Kí n lọ mú bàtà mi."

Àwọn obìnrin méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti ka ẹ̀kọ́ ìṣàkóso iléeṣẹ́ rí, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi í ránṣẹ́ síni nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sì wà nínú ẹ̀kọ́ kẹta. Máníjà ni ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́; lídà ni ẹni tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé. Gbólóhùn kan péré. Lẹ́nu tiwa, ọ̀gá ni àwọn méjèèjì. Ìwà ọ̀gá ni yóò sọ èwo ló jẹ́. Ṣùgbọ́n Adébọ̀dé ti fa gbólóhùn kan yìí gùn di ìwé olójú ewé méjìdínláàádọ́ta, ó sì fẹ́ kí a tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà rẹ̀, nítorí ó ti gba gbọ̀ngàn kan ní Akoka tí yóò ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló dá ilé ìtẹ̀wé yìí sílẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kan ìṣó kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Bébà àkọ́kọ́ tó bá jáde dáadáa, Munirat á ká a bí yóò ṣe rí nínú ìwé, á gbé e lọ bá a. Díákónì á gbé awò sójú, á kà á látòkè délẹ̀, á fi bírò pupa fọwọ́ sí i, á sì fi í kọ́ ìṣó. "Ó ti di tèmi," ni yóò wí. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ tó lè máa lọ. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, kì í wá ẹni tó máa dá lẹ́bi kiri. Orúkọ rẹ̀ wà lórí ìṣó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Munirat tẹ bébà àkọ́kọ́ nínú ìwé Lídà. Ó ká a. Ojú ewé kẹtàlá ló tẹ̀ lé ìkẹjọ. Adébọ̀dé fúnra rẹ̀ ló to àwọn ojú ewé náà sórí kọ̀ǹpútà. Ó ní òun ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù.

Munirat gbé bébà náà lọ bá a. Mo tẹ̀ lé e, torí ọwọ́ mi ni ìwé náà máa já lé. A bá Adébọ̀dé níbi tó ti ń ya ara rẹ̀ ní fídíò.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó, àwọn ojú ewé yìí ò tẹ̀ léra."

"Ìyá Mùíz, mo fọkàn tán yín."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣì wò ó."

"Ẹ ò rí nǹkan tí mò ń sọ? Máníjà ló ń yẹ gbogbo nǹkan wò. Lídà ń fún èèyàn lágbára ni. Mo ti fún yín lágbára. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ wá fọwọ́ sí i, kí n gbé e kọ́."

"Lídà kì í fọwọ́ síwèé! Àbí ẹ fẹ́ kí iná lọ mọ́ wa lọ́wọ́ ni? Ta ló ni ẹ̀rọ, èmi àbí ẹ̀yin? Ẹ tẹ̀ ẹ́, mo ní."

Munirat tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó tẹ̀ ẹ́, ó fi bébà tí kò ní ìfọwọ́sí yẹn kọ́ ìṣó bó ṣe wà. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni ìró ẹ̀rọ ń dún létí mi bí ìró omi tó ń ya dànù níwájú ẹni tó jókòó ń wò ó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta bébà. Bébà gidi.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, a ká ẹ̀dà mẹ́wàá, mo sì gbé wọn fún Adébọ̀dé. Ó ṣí ọ̀kan. Ó kà á síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó tún kà á síwájú. Ó bá jáde sí wa.

"Ta ló tẹ èyí?"

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń tẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ Munirat! Ṣé o ò ríran ni? Kó ẹrù ẹ, máa lọ sílé! O ò ṣiṣẹ́ níbí mọ́!"

Obìnrin tó ti wà nídìí ẹ̀rọ yẹn láti ọdún méjìlélógún, nígbà tí Adébọ̀dé ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé, ló ń pè ní ìwọ.

Kì í ṣe owó oṣù nìkan ni ìlélọ yẹn máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àdúgbò wa, wọ́n lè dárí ji ẹni tó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n lè dárí ji ọ̀mùtí pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá lé torí pé ó ba bébà jẹ́, ìròyìn rẹ̀ á ti dé Fádèyí kí oòrùn tó kan àtàrí, kò sì sí ilé ìtẹ̀wé kankan tó máa jẹ́ kó tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Munirat ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

"Mo wà níbẹ̀," ni mo wí. "Ó gbé e wá bá yín. Ẹ̀yin lẹ ní kó tẹ̀ ẹ́."

"Bàbá Ògúnmọ́lá, ẹ má dá sí i. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ni yóò ru ẹ̀bi."

Samson ti ń ṣí ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà. "Ojú ewé kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ò sọ bẹ́ẹ̀ o, ọ̀gá. Ó ní lídà ló ń ru ẹ̀bi. Àmọ́ kì í ṣe ibi tó yẹ ló wà. Lẹ́yìn ojú ewé kejìlélọ́gbọ̀n ni mo ti rí i."

Munirat ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú ẹ̀dà kan, ó fi ọ̀bẹ la ibi tí a ti ká a, ó to àwọn ewé náà sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó wọn jọ.

"Iwájú àti ẹ̀yìn ewé bára mu," ó wí. "Ìtò wọn nìkan ló dàrú. Tí a bá gé gbogbo rẹ̀ sí ewé kọ̀ọ̀kan, tí a fi ọwọ́ ṣà á jọ, tí a wá lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ìwé á pé. Ọjọ́ méjì ló máa gbà. Bébà kankan ò ní ṣòfò."

Ojú Adébọ̀dé là. "Ẹ rí i, Ìyá Mùíz! Ohun tí mò ń sọ nìyí! Ẹ jẹ́ ká lọ!"

"A ò tíì lọ síbì kankan." Munirat yọ bébà tó wà lórí ìṣó. "Ẹ kọ ọ́ síbí pé mo fi hàn yín, àti pé ẹ̀yin lẹ ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ẹ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà la ó gbé ọ̀bẹ."

"Láàárín èmi àti ẹ̀yin? Ẹ gbà mí gbọ́ jàre."

"Mo fọkàn tán yín," Munirat wí. "Ẹ ṣì fọwọ́ sí i."

Adébọ̀dé wo Samson. Samson ti jókòó lé orí òkìtì bébà, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Adébọ̀dé wo àwọn obìnrin tó ń ká bébà; wọ́n káwọ́ gbera. Fóònù rẹ̀ dún: àwọn onígbọ̀ngàn Akoka ló fẹ́ mọ iye àga tí wọn yóò tò. Mo na bírò pupa sí i.

Ó kọ ọ́. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bíi tẹni tí kò fẹ́ kí ojú rí i. Ó fọwọ́ sí i, Munirat sì gbé e padà sórí ìṣó.

Adébọ̀dé ò sọ̀rọ̀ ìṣírí kankan fún wa. Ó dúró sídìí tábìlì níbi tí òkìtì ewé ti ga jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà, àwa náà sì tò lé e. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìwé pé, àyàfi mọ́kànlá tí gọ́ọ̀mù bà jẹ́.

Èmi ni mo kó ìwé náà lọ sí Akoka lọ́jọ́ Sátidé, torí náà mo fetí ara mi gbọ́ ọ. Adébọ̀dé sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn bí àwọn òṣìṣẹ́ òun ṣe ba ìwé òun jẹ́, àti bí òun, gẹ́gẹ́ bíi lídà, ṣe ṣíwájú wọn títí wọ́n fi tún un ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, ó jáde láti ọ́fíìsì, ó ní ìṣó yẹn ò bá ilé ìtẹ̀wé ìgbàlódé mu, kí Samson fà á yọ pẹ̀lú ohunkóhun tó bá wà lórí rẹ̀.

Samson wo Munirat. Munirat ò yíjú kúrò nídìí ẹ̀rọ.

"Kò burú, ọ̀gá," ó wí. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní ká yọ ọ́, kí ẹ sì fọwọ́ sí i."

Adébọ̀dé wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìṣó náà ṣì wà níbẹ̀.