Ọ̀nà Mùkáílà ní Etí Ọ̀sà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yí mi ká, kí ẹni tó fẹ́ wúkọ́ tètè wú u. Ìtàn tí mo mú bọ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ó korò bí orógbó tí èèyàn jẹ láìrí omi mu. Ẹ ó gbọ́ bí ọkùnrin kan ṣe gun kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ baba rẹ̀ títí ilẹ̀ náà fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ lè gbé ilẹ̀ lọ, kó fetí sílẹ̀ dáadáa.

Mùkáílà ọmọ Gbádéyan lorúkọ ọkùnrin náà, ará Imeke. Kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀, á di ogójì àgbọn mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, á gbé e láti etí ọ̀sà lọ sí Mowo. Bó bá ń padà bọ̀, á gbé iyọ̀, á gbé kẹrosíìnì, nígbà mìíràn á gbé aboyún tí ọmọ ti ń mú. Kò sí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà láti Ibereko dé etí omi tí kò mọ̀. Ó mọ ibi tí iyanrìn ti ń gbé táyà mì, ó sì mọ ibi tí ẹrẹ̀ ti ń díbọ́n bí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sọ pé bí wọ́n bá di Mùkáílà lójú, táyà rẹ̀ ni yóò júwe ilé fún un.

Ilẹ̀ tí mò ń wí yìí, Mùkáílà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ganiyat, ni Gbádéyan fi í sílẹ̀ fún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn Imeke, ó lọ kan omi. Ganiyat ló ń dáko níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti àgbọn. Ọkọ rẹ̀ ti kú; inú oko yẹn ló ti ń bọ́ ọmọ mẹ́ta. Kò sí ìwé ilẹ̀. Ta ló ń kọ ìwé ilẹ̀ láyé ìgbà náà? Pẹ̀rẹ́gún ni ìwé. Láàárín ilẹ̀ Gbádéyan àti ilẹ̀ Fàsásì tó bá a pààlà, àwọn baba ńlá gbin pẹ̀rẹ́gún sí ibi mẹ́ta tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà ní ìhà ti Gbádéyan. Gbogbo ará ibẹ̀ ló mọ òfin rẹ̀. Aládùúgbò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ín bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú u, ó ti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún ẹnìkejì nìyẹn, àfi bó bá gbìn ín padà lójú Baálẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Ẹ rántí ayé ìgbà náà. Owó epo ń ya bí òjò, owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù ti bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́, wọ́n ti la títì ọlọ́dà ńlá láti Èkó wá sí Badagry. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ ra alùpùpù, ẹni tó ní alùpùpù ra mọ́tò. Ẹni tó sì ti ní mọ́tò méjì, kẹ̀kẹ́ ló kù tí ara rẹ̀ ń yún fún.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Démọ́lá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó. Ọjọ́ Sátidé kan ló ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Zinsu, Ègùn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ibereko. Táyà rẹ̀ ti jò. Táyà ọ̀hún tín-ín-rín bí ìka ọmọdé.

Zinsu gbé kẹ̀kẹ́ náà sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ọ̀gá, ṣé ẹ kì í fún eléyìí lóúnjẹ ni?"

Démọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe ń gùn ún nílùú òyìnbó nìyẹn. Níbi tí mo ti kàwé, adágún odò kan wà tí òkè yí ká. Àwọn èèyàn a máa gun kẹ̀kẹ́ yí i po látàárọ̀ dalẹ́. Ìlú tó jìnnà ni wọ́n ti ń sanwó ọkọ̀ wá síbẹ̀."

"Wọ́n ń sanwó láti wá làágùn?" Zinsu kọjú sí Mùkáílà, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń retí ṣéènì rẹ̀. "Nọ̀ví, o gbọ́? Ìwọ tó o ti ń làágùn lọ́fẹ̀ẹ́ látọjọ́ yìí, wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ." Nọ̀ví ni Ègùn ń pe ọmọ ìyá ẹni, bí Zinsu ṣe ń pe Mùkáílà nìyẹn.

Démọ́lá wá bá Mùkáílà níbi tó jókòó sí. "Ẹ̀gbọ́n, àwa ò ní òkè níbí, ṣùgbọ́n a ní ọ̀sà. Mò ń wá ọ̀nà tí a lè gun kẹ̀kẹ́ gbà yí etí rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Mùkáílà lára bí òróró. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé àgbọn, kò sí ọ̀mọ̀wé kan tó tíì sọ fún un pé ó mọ nǹkan.

Sátidé mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi rìn ín. Wọ́n gbéra ní Ibereko, wọ́n gba ẹ̀yìn Imeke, wọ́n sọ̀ sí etí omi, wọ́n tẹ̀ lé abẹ́ igi àgbọn títí wọ́n fi yọ sí Mowo. Démọ́lá ń yà á sínú ìwé bí wọ́n ṣe ń lọ. Ibi tó fẹ́ràn jù ni kọ́nà mẹ́ta tó wà lórí ilẹ̀ Gbádéyan, níbi tí omi ti ń yọjú láàárín igi. Ṣùgbọ́n pẹ̀rẹ́gún ti dì níbẹ̀, ọ̀nà sì há bí ẹnu ihò eku.

"Ibí yìí há o," ni Démọ́lá wí. "Ogún èèyàn ni mò ń kó bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

Kò ní kó hú nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́ lábúlé ni Mùkáílà, wọ́n sì ti kọ́ ọ pé àlejò kì í bọ̀ ká jẹ́ kó bá igbó lójú ọ̀nà. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n dé, ó gbé ọkọ́ àti àdá, ó lọ síbẹ̀.

Alàgbà Fàsásì yọ láti ìhà tirẹ̀. "Mùkáílà, o kú iṣẹ́ o. Kò yẹ kó o dá a ṣe. Àwọn ọmọ mi ń bọ̀ wá ràn ọ́ lọ́wọ́."

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ò ní ṣàárẹ̀."

Àwọn ọmọ Fàsásì dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan pẹ̀rẹ́gún kankan tó ṣì dúró. Èyí tí Mùkáílà bá ti hú ni wọ́n ń kó, wọ́n sì ń jó o. Mùkáílà rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ fún òun.

Zinsu ló gba ibẹ̀ kọjá. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. "Nọ̀ví, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń la ọ̀nà."

"Ọ̀nà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ."

"Kẹ̀kẹ́ Èkó ò lè gba ihò eku."

"Kí kẹ̀kẹ́ Èkó sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tì í. Ṣé wọn ò lẹ́sẹ̀ ni?"

Mùkáílà tún gbé ọkọ́ sókè. Inú ń bí Zinsu ni, lójú Mùkáílà, pé òun kọ́ ni wọ́n yàn.

Nírọ̀lẹ́, Ganiyat ti oko dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀ láìsọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Mùkáílà, pẹ̀rẹ́gún dà?"

"Àǹtí mi, ẹ fara balẹ̀. Pẹ̀rẹ́gún kì í kú. Bí wọ́n bá ti lọ, màá gbìn ín padà."

"Lójú ta? Pe Baálẹ̀. Pè é lọ́la."

"Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀."

"Ọ̀tunla nígbà náà."

Mùkáílà ní ó dáa.

Àwọn ará Èkó dé, ogún géérégé, pẹ̀lú ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ wọn lára, tí àwọn ọmọdé Imeke fi ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n gba kọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹyẹ. Nígbà tí wọ́n dé Mowo, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Mùkáílà, wọ́n dé e ní fìlà funfun, wọ́n sì sọ ọ̀nà náà ní Ọ̀nà Mùkáílà. Wọ́n tún padà wá lóṣù kejì, àti lóṣù kẹta. Bí Ganiyat bá bi í nípa pẹ̀rẹ́gún, á ní kí àwọn ti oṣù yìí kọjá ná. Ẹni tí wọ́n ń yìn kì í gbọ́ aago. Ọdún yí, ó tún fẹ́ẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbà yẹn ni iléeṣẹ́ kan dé tó ń wá ilẹ̀ etí omi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé fàájì sí. Alàgbà Fàsásì ta ilẹ̀ fún wọn, láti ẹ̀yìn Imeke títí kan omi. Àwọn awọnlẹ̀ gbé ọkọ̀ wọlé pẹ̀lú òpó sìmẹ́ńtì, ọ̀nà tí Mùkáílà là ni wọ́n sì gbà, nítorí ó ti fẹ̀ tó ọkọ̀. Òpó àkọ́kọ́ bọ́ sáàárín ẹ̀gẹ́ Ganiyat.

Ganiyat sáré bá àbúrò rẹ̀ ní Mowo. Kò pariwo. Ó ní, "Baálẹ̀ ń bọ̀ wá wo ààlà lọ́la. Kí ni wọ́n máa rí?"

Nídàájí ọjọ́ kejì, Mùkáílà ṣẹ́ pẹ̀rẹ́gún lẹ́yìn ilé onílé, ó sì gún un sí kọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí oòrùn yọ, Baálẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn àgbà. Fàsásì fi ìka méjì mú ọ̀kan, ó sì fà á yọ bí ẹni yọ abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Kò ní gbòǹgbò. Oje ṣì ń kán níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ.

"Baálẹ̀, ti àárọ̀ yìí nìyí. Ti àwọn baba wa dà?"

Baálẹ̀ wo Mùkáílà. "Ta ló hú u?"

Ganiyat ń wò ó. Zinsu náà wà níbẹ̀, ó sì sorí kodò. Mùkáílà ní, "Àwọn ọmọ Bàbá Fàsásì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tó wà níbẹ̀."

Mùkáílà ní, "Èmi ni."

"Mo tiẹ̀ kí i kú iṣẹ́," ni Fàsásì wí wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Kí ló mú ọ hú u?" Baálẹ̀ bi í.

"Nítorí àlejò ni, Baálẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, kò sì lè dá a dúró. Baálẹ̀ ò rín. Ó ní òun mọ̀ pé ilẹ̀ Gbádéyan ni, baba òun náà mọ̀ ọ́n; ṣùgbọ́n bí òun bá tẹ òfin pẹ̀rẹ́gún lójú lónìí, kò ní sí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni tí yóò ní ààlà lọ́la. Ó fún Ganiyat ní ọjọ́ méje kó fi hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Inú ọjọ́ méje yẹn ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ Èkó dé, wọ́n bá wáyà lójú ọ̀nà. Mùkáílà ro gbogbo rẹ̀ fún Démọ́lá láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó mà ṣe o, ẹ̀gbọ́n," ni Démọ́lá wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní kẹ́ ẹ hú u." Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn tó ń dúró dè é nínú oòrùn. "Ṣé ọ̀nà míì wà tí a lè gbà?"

Mùkáílà sì júwe rẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ keje, Ganiyat di ẹrù rẹ̀, ó ń lọ sọ́dọ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Mowo, níbi tí wọ́n ti fún un ní yàrá kan. Àwọn ọmọ ti ṣáájú. Mùkáílà gbé kẹ̀kẹ́ wá, ó tú okùn sílẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e."

Ganiyat gbé ẹrù náà rù fúnra rẹ̀. Ó kọjá lára Mùkáílà, ó gba etí títì ọlọ́dà, mọ́tò ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mùkáílà ò lè gun kẹ̀kẹ́ ṣáájú rẹ̀, kò sì lè padà sílé. Ó ń tì í bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti Imeke dé Mowo. Ganiyat ò wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Dosi ọmọ Zinsu ló fi ìtàn yìí lé mi lọ́wọ́, ẹnu baba rẹ̀ ló sì ti gbọ́ ọ. Ó ní títí baba òun fi kú, kò yéé sọ pé ọjọ́ yẹn ló yẹ kí òun já ọkọ́ gbà lọ́wọ́ Mùkáílà, dípò kí òun máa ṣe yẹ̀yẹ́.