Àpò Ara Ògiri Sàrátù

Wọ́n ti pín ẹ̀wù Mùrí tán kí Fàtáì tó gbójú sókè wo ara ògiri.

Agbádá sányán ti bá ẹ̀gbọ́n wọn tó wá láti Kuta lọ. Fìlà ti bá ìbátan wọn ará Olúpọ̀nnà lọ. Kẹ̀kẹ́ ológeere ti di ti Fàtáì, àbúrò òkú, fúnra rẹ̀. Sàrátù, ìyàwó òkú, jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé náà nìyẹn: ọmọ ìyá ní í jogún ẹ̀wù, aya kì í jogún ẹ̀wù ọkọ. Ilẹ̀ ló ń wò.

“Ìyẹn ńkọ́?” Fàtáì nawọ́ sí àpò tó wà lára ògiri.

Bí àpò náà ṣe débẹ̀ rè é. Ní ọdún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀wù kíjìpá tí Mùrí fi ń lọ oko kòkó gbó débi pé èjìká rẹ̀ ń yọjú níta. Ó ní kí Sàrátù sọ ọ́ nù. Sàrátù ní a kì í sọ aṣọ nù, iṣẹ́ mìíràn là ń wá fún un. Ó tú ẹ̀wù náà palẹ̀. Ó fi iwájú rẹ̀ ṣe ìdí, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ kí ó má baà máa tú. Ó la apá méjèèjì, ó gé ibi tó ṣì lágbára lẹ́yìn rẹ̀, ó wá rán wọn mọ́ ìdí náà bí àpò: èyí fún òòyà, èyí fún ìṣáná, èyí fún tìróò, èyí fún tẹ̀sùbáà. Ó ki ọ̀pá oparun bọ etí òkè kí ó má baà ká kò, Mùrí sì kan ìṣó tí wọ́n fi gbé e kọ́.

Àpò àyà ẹ̀wù náà, tí Mùrí máa ń kó obì sí, Sàrátù ò tú u. Àbàwọ́n obì ṣì wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ibẹ̀ ló máa ń fọwọ́ lé kí ó tó lọ kírun àárọ̀. Gbogbo ohun tó kù fún un lára ọkùnrin náà kò ju ìyẹn lọ.

“Agùntáṣọọ́lò,” ni Sàrátù wí. Orúkọ tó fún Fàtáì, tó ga tí aṣọ sì ń yẹ, nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó wọlé, nítorí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, àpò òòyà mi nìyẹn.”

“Ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí.”

“Ẹ̀gbọ́n yín ti ní kí n sọ ọ́ nù kí n tó mú abẹ́rẹ́.”

“Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ? Òkú?” Fàtáì rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa, bí a bá gbójú fo èyí, lọ́la wàá ní agbádá ti di ìrọ̀rí.”

Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó já àpò náà lára ìṣó. Òòyà bọ́ sílẹ̀, ìṣáná dà nù, okùn tẹ̀sùbáà já, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ fọ́n ká gbogbo ilẹ̀.

Sàrátù dìde. “Fàtáì.”

Gbogbo wọn yíjú sí i.

“Fàtáì, gbé e wá. Aṣọ ni tìrẹ, òwú ni tèmi. Èmi ni mo rà á lọ́jà, n kò sì tíì gbọ́ ilé tí wọ́n ti ń jogún òwú ìyàwó. Jẹ́ kí n mú ohun tó jẹ́ tèmi.”

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sáàárín wọn. Ó fi eyín já kókó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú náà yọ, ó ń wé e mọ́ ìka.

“Ibí yìí ni mo rán lọ́jọ́ tí Mùrí ní kí o wá bá òun kórè, tí o ní ẹsẹ̀ ń dùn ọ́. Ibí yìí, ìwọ lo yá kẹ̀kẹ́ lọ sí Ilé-Ogbó, o dá a padà láìsí agogo. Ibí yìí, ó ń húkọ́, ó ń bi mí bóyá o ti dé. O ò dé.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó tú u tán, ó kó àkísà náà jọ, ó jù ú sí ẹsẹ̀ Fàtáì. Àpò àyà nìkan ló ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ. Kì í ṣe òwú tirẹ̀ ni wọ́n fi rán ìyẹn.

Ìyá Sẹ̀gilọlá, àǹtí bàbá wọn, tó ti ń jẹ orógbó jẹ́ẹ́ láti àárọ̀, wá lanu. “Fàtáì, ogún rẹ rè é. Wọ̀ ọ́ ká rí i.”

“Ìyá, mo kàn ní...”

“Wọ̀ ọ́. Ṣé kì í ṣe ìwọ ni Agùntáṣọọ́lò?”

Fàtáì gbé àkísà náà sókè. Apá kan bọ́ sílẹ̀. Ó gbé ìyẹn, èkejì tún bọ́. Ẹ̀rín bú jáde, òun ni wọ́n sì ń fi rín lọ́tẹ̀ yìí. Ó jù ú sílẹ̀, ó bá ẹnu ọ̀nà lọ, kò rántí kẹ̀kẹ́.

“Ó tó, Sàrátù, má bínú mọ́,” ni wọ́n ń wí.

“Kò tó,” ni Sàrátù dáhùn. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, ó ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà.

Ní ọjọ́ kejì, ó kó àkísà tí Fàtáì jù sílẹ̀, ó fi òwú kan náà tún àpò náà rán, kókó lórí kókó. Kò gbé e padà sí yàrá. Ara òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé e kọ́ sí, ní ọ̀kánkán ilẹ̀kùn yàrá Fàtáì. Fàtáì rán ìyàwó rẹ̀ wá pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó gbé e wọlé.

“Sọ fún Fàtáì,” ni Sàrátù wí, “pé ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Kí ó máa wò ó.”

Títí Sàrátù fi darúgbó, kò pè é ní Agùntáṣọọ́lò mọ́.